Ajá Yín àti Béárì: Ta Ló Ń Ṣọ́ Ta Nínú Igbó?

Ẹ fojú inú wò ó. Ẹ̀yin àti ajá yín ń rìn lójú ọ̀nà tóóró kan nínú igbó kìjikìji, níbi tí fóònù kò ti rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó jẹ́ pé ìrìn ọjọ́ kan gbáko ló wà láàárín yín àti ilé tó sún mọ́ yín jù. Ẹ ti tú okùn lọ́rùn ajá. Ó ti ṣáájú, imú nílẹ̀, ìrù lókè, inú rẹ̀ ń dùn. Ó wọ inú igbó lọ. Ẹ gbọ́ tó gbó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gbọ́ tí igi wẹ́wẹ́ ń ṣẹ́, kò pẹ́ ni ajá yọ padà, ìrù ti wọ àárín itan, ó ń sá bọ̀ tete láti wá fara pamọ́ sẹ́yìn yín. Ohun tó ń lé e bọ̀ tóbi jù yín lọ ní ìlọ́po mẹ́ta.

Ẹ̀yin lẹ rò pé ajá ń ṣọ́ yín. Ajá náà rò pé ẹ̀yin lẹ ń ṣọ́ òun.

Lórí ọ̀rọ̀ béárì, ohun méjì ló máa ń da àwọn ènìyàn láàmú jù. Èkíní ni pé, ṣé ajá ń lé béárì lọ ni, àbí ó ń fà á wá? Èkejì ni ìmọ̀ràn tó dà bíi pé ó ń ta kora: ẹnìkan á ní kí ẹ dùbúlẹ̀ bí òkú, ẹlòmíràn á ní kí ẹ bá a jà tọwọ́tẹsẹ̀. Ìmọ̀ràn méjèèjì ló tọ̀nà. Ìdí tí béárì fi ń bọ̀ ló máa sọ èyí tó yẹ kí ẹ ṣe, tí ẹ bá sì ti mọ ìdí yẹn, ọ̀rọ̀ ajá náà á yé yín.

Béárì kì í sábà wá ènìyàn kiri. Èso igbó, gbòǹgbò, kòkòrò, ẹja àti òkú ẹran ló ń gba ojúmọ́ rẹ̀. Tó bá gbọ́ ohùn ènìyàn láti òkèèrè, ó máa ń rọra yà kúrò lọ́nà kí onítọ̀hún tó mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ rí. Nígbà tó bá wá kọlu ènìyàn, ọ̀kan nínú ohun méjì ló sábà máa ń fà á. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rù bà á: ẹ já lù ú lójijì, tàbí ó lọ́mọ lẹ́yìn, tàbí ó ń ṣọ́ òkú ẹran tó ti fi pamọ́. Ohun tó ń fẹ́ nígbà náà kò ju pé kí ewu kúrò níwájú rẹ̀ lọ. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an ló fẹ́ fi ṣe oúnjẹ.

Ti ìbẹ̀rù ló wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ béárì búráùn, èyí tí wọ́n ń pè ní grizzly ní àárín ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ti oúnjẹ ṣọ̀wọ́n gidi, ṣùgbọ́n òun ló wà nídìí ọ̀pọ̀ jù nínú ikú tó ti ọwọ́ béárì dúdú wá. Stephen Herrero, onímọ̀ béárì ní Yunifásítì Calgary ní Kánádà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àkọsílẹ̀ wò láti 1900 títí di 2009. Wọ́n rí i pé ènìyàn 63 ni béárì dúdú inú igbó pa ní Amẹ́ríkà àti Kánádà láàárín gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìkọlù náà jẹ́ ti béárì tó ń ṣọdẹ, akọ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn tí wọ́n dá rìn, tàbí tí wọ́n jẹ́ méjì péré, ló sì bọ́ sí i lọ́wọ́ jù. Ènìyàn 63 láàárín àádọ́fà ọdún, ní ilẹ̀ méjì tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀: kì í ṣe ohun tó yẹ kó gba oorun lójú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ẹ má dá rìn bí ẹ bá lè rí ẹni bá yín lọ.

Ibi tí ajá ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Béárì tó wà ní jẹ́jẹ́ rẹ̀, tí kò ní nǹkan kan bá yín ṣe, ajá lè sọ ọ́ di béárì tí ẹ̀rù ń bà, láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Lójú béárì, ajá àti ìkookò ò yàtọ̀, ìkookò sì jẹ́ ọ̀tá tó máa ń pa ọmọ rẹ̀. Ajá á gbó, á yí i po, á fẹ́ bu ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ. Béárì á yíjú padà sí i. Ajá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí bí ohun tó tọ́ níjà ṣe tóbi tó, á wá ṣe ohun tí gbogbo ajá ń ṣe tí ọ̀ràn bá le: á sá tọ olówó rẹ̀ lọ. Herrero kan náà àti Hank Hristienko, tó ṣiṣẹ́ lórí ẹranko igbó ní Manitoba, ìpínlẹ̀ kan ní Kánádà, ṣa ìròyìn ìkọlù béárì dúdú láàárín 2010 sí 2013 jọ. Nínú ìkọlù 92 tí wọ́n wò, ajá wà nínú èyí tó lé ní ìdajì, ọ̀pọ̀ àwọn ajá náà ló sì ń rìn láìsí okùn.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò sọ pé kí ẹ fi ajá sílẹ̀ nílé. Imú àti etí ajá á mọ̀ pé béárì wà nítòsí tipẹ́tipẹ́ kí ojú yín tó rí i. Ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ okùn. Ajá tó wà lórí okùn ń sọ fún yín pé béárì wà níbẹ̀. Ajá tí kò sí lórí okùn ń lọ sọ fún béárì pé ẹ̀yin wà níbẹ̀.

Ẹ máa wo ajá yín dáadáa bí ẹ ṣe ń rìn. Èyí tó ń lépa òórùn ọ̀kẹ́rẹ́ máa ń fò síwá fò sẹ́yìn, ìrù rẹ̀ á máa jó. Tó bá jẹ́ pé ohun ńlá ló gbọ́ òórùn rẹ̀, ọ̀pọ̀ ajá máa ń dúró gbọin. Imú á lọ sókè, etí méjèèjì á kọjú sí ibì kan náà, irun á dìde láti ọrùn títí dé ìdí ìrù. Òmíràn á fara ti itan yín, á máa kùn lọ́fun bí ẹ̀rọ tó wà ní òkèèrè. Nígbà tí ẹ bá rí ìyẹn, ẹ má sọ fún un pé “ṣé kò sí nǹkan, máa lọ jàre.” Ẹ dúró. Ẹ fa okùn kúrú, ẹ sọ̀rọ̀ sókè kí ohun yòówù tó wà níbẹ̀ lè mọ̀ pé ènìyàn ni yín, kí ẹ sì gba ibi tí ẹ gbà wá padà.

Okùn wo? Okùn lásán tí kò gùn ju mítà méjì lọ. Èyí tó ń nà tó ń sún kì nínú ike kò dára fún irú ibi báyìí, torí kí ẹ tó dá a dúró, ajá ti wà ní mítà mẹ́jọ níwájú. Ẹ má sì so ó mọ́ ìbàdí yín bí àwọn tó ń bá ajá sáré ti ń ṣe. Ajá tó tóbi tí ẹ̀rù bá bà lè wọ́ yín ṣubú ní àkókò tó yẹ kí ẹ dúró ṣinṣin. Ọwọ́ kan fún okùn, ọwọ́ tí ẹ fi ń jẹun sì gbọ́dọ̀ ṣófo. A máa tó dé orí ohun tí ọwọ́ yẹn wà fún. Àwọn kan á ní ajá tàwọn gbọ́ràn, tí àwọn bá ti súfèé, á padà. Nínú ọgbà ilé, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, òórùn béárì sì wà lára ohun tó máa ń di ajá létí pátápátá.

Ibòmíràn wà tí ìjọba ti bá yín pinnu rẹ̀. Ní igbó ọba Yellowstone ní Amẹ́ríkà, wọn kò gba ajá láàyè rárá lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tàbí nínú igbó jíjìn. Ẹ̀bá títì àti ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ ló mọ, lórí okùn tí kò ju nǹkan bíi mítà 1.8 lọ. Ní àwọn igbó ọba Kánádà, ajá gbọ́dọ̀ wà lórí okùn nígbà gbogbo. Àwọn ènìyàn máa ń bínú sí òfin yìí. Èmi ò rí ohun tó ṣe é bínú sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ariwo. Agogo kékeré tí wọ́n ń so mọ́ báàgì tàbí ọrùn ajá kò wúlò tó bí àwọn tó ń tà á ṣe ń sọ. Ohùn rẹ̀ kéré, kò sì sọ fún béárì pé ènìyàn ló ń bọ̀. Ohùn ẹnu yín ló dára jù. Ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ kọrin, ẹ bá ara yín jiyàn, pàápàá níbi tí odò ti ń hó, níbi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́rọ́, tàbí nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ sí yín lójú. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí yín lójú ń gbé òórùn yín lọ sẹ́yìn, béárì tó wà níwájú kò ní mọ̀ pé ẹ ń bọ̀.

Kí ẹ tó mọ ohun tí ẹ máa ṣe, ó dára kí ẹ dá béárì mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi àwọ̀ dá a mọ̀. Béárì tí wọ́n ń pè ní dúdú lè jẹ́ búráùn, ó lè pọ́n bí ewé gbígbẹ, kódà àwọn funfun wà lára wọn ní etíkun British Columbia ní Kánádà. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Béárì búráùn ní iké láàárín èjìká méjèèjì, ojú rẹ̀ tẹ̀ wọnú láàárín iwájú orí àti imú, etí rẹ̀ kéré, ó ṣe róbótó, èékánná iwájú rẹ̀ sì gùn bí ìka ọwọ́. Béárì dúdú kò ní iké. Ìdí rẹ̀ ló máa ń ga ju èjìká lọ, ojú rẹ̀ gún gbọọrọ láti iwájú orí dé imú, etí rẹ̀ sì yọ sókè dáadáa.

Ó dáa, béárì rèé lọ́ọ̀ọ́kán. Tí kò bá tíì rí yín, ẹ yí padà wọ́ọ́rọ́wọ́, ó tán. Yellowstone ní kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ béárì ju nǹkan bíi mítà 91 lọ, òdiwọ̀n tó dára láti máa fi sọ́kàn níbi gbogbo nìyẹn. Tó bá ti rí yín, ẹ dúró. Ẹ má sá. Béárì lè sáré tó kìlómítà 56 ní wákàtí kan, kò sí ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn tó tó o, ẹni tó bá sì sá ń jọ ẹran tí wọ́n ń lé. Ẹ má gun igi, torí béárì dúdú ń gùn ún ju ẹ̀yin lọ. Ẹ fa ajá sẹ́yìn ẹsẹ̀ yín, kí okùn kúrú tó fi jẹ́ pé kò lè bọ́ síwájú. Ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ bá béárì sọ̀rọ̀ bí ẹni ń pẹ̀tù sí àgbàlagbà nínú, ẹ má ranjú mọ́ ọn, kí ẹ sì máa fẹsẹ̀ wọ́ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Tó bá ń pa eyín pọ̀, tó ń fọn imú fìn-ìn, tó ń fi ọwọ́ gbá ilẹ̀, ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ń sọ fún yín pé ẹ ti sún mọ́ òun jù. Ó lè sáré sí yín kó sì já gìrì dúró ní mítà díẹ̀. Ìdẹ́rùbà ni, ó sì wọ́pọ̀.

Èyí tó yẹ kó já yín láyà ni béárì tí kò pariwo. Ó dákẹ́, etí rẹ̀ wà sókè, ojú rẹ̀ kò kúrò lára yín, ó ń tẹ̀ lé yín bí ẹ ṣe ń lọ, ó ń yí gba ẹ̀yìn. Ìyẹn kì í ṣe ìbẹ̀rù. Ẹ má fi ohùn jẹ́jẹ́ bá ìyẹn sọ̀rọ̀. Ẹ pariwo mọ́ ọn, ẹ sọ ọ́ lókò, ẹ gbé apá sókè kí ẹ lè tóbi lójú rẹ̀.

Ní báyìí, ọwọ́ tó ṣófo. Ohun tó yẹ kó wà níbi tí ọwọ́ yẹn ti lè dé ni agolo ata fínfín tí wọ́n ṣe fún béárì. Èròjà tó ń mú kí ata ta ni wọ́n fi sí i, ìdá kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe èyí tí àwọn ènìyàn ń fi sápò nítorí olè o. Ìyẹn kéré, kò sì lọ jìnnà. Ata inú agolo ti béárì yẹ kó wúwo tó gíráàmù 225, ó kéré tán, kó lè fọ́n dé nǹkan bíi mítà mẹ́jọ, kó sì lè fọ́n fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí ẹ gbé e sí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó kó o sí ìsàlẹ̀ báàgì ẹ̀yìn, pẹ̀lú àwọn ìbọ̀sẹ̀, kò gbé nǹkan kan dání. Àpò ìgbànú tàbí okùn báàgì tó gba iwájú àyà ni àyè rẹ̀. Ẹ fi ìdánrawò kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó kí ẹ tó kúrò nílé. Wọ́n ń ta èyí tí kò ní ata nínú fún ìdánrawò. Ẹ fà á yọ, ẹ fi àtàǹpàkò yọ ike kékeré tó dí ẹnu ìtẹ̀ rẹ̀, ẹ nà án síwájú, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ kejì di okùn ajá mú, ajá tó ń fà tó ń gbó, kí ẹ tún ṣe é. Ẹ ó rí i pé ó yàtọ̀ pátápátá, ike kékeré yẹn á ṣàdédé di ohun tí àtàǹpàkò ò rí mọ́.

Tí béárì bá ń bọ̀ lóòótọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fín in nígbà tó bá wà láàárín mítà mẹ́sàn-án sí méjìdínlógún. Ẹ dorí agolo kọ ilẹ̀ díẹ̀ níwájú rẹ̀, kí ìkùukùu ata náà lè ga bo imú àti ojú rẹ̀ bó ṣe ń sáré bọ̀. Ẹ dá díẹ̀ sí nínú agolo. Bó bá ti yà lọ, ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ má dúró wòran.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Tom Smith, onímọ̀ béárì mìíràn, Herrero àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yẹ ìṣẹ̀lẹ̀ 83 tí wọ́n ti lo ata yìí wò ní Alaska, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, láti 1985 dé 2006. Ata náà dá béárì búráùn dúró nínú ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún, béárì dúdú nínú ìdá 90, ìdá 98 nínú àwọn tó gbé e dání ni kò sì fara pa rárá. Lọ́dún 2012, wọ́n tún gbé ti ìbọn jáde, ìṣẹ̀lẹ̀ 269 ní Alaska. Yálà ẹni tó ní ìbọn yìn ín tàbí kò yìn ín, ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ó rọrùn láti mọ ìdí. Ìbọn fẹ́ kí ẹni tó ń gbọ̀n bá ohun tó ń sáré níbi tó ṣe kókó. Ìkùukùu ata ò béèrè irú ojú bẹ́ẹ̀. Tí ajá bá tún wà láàárín yín àti béárì, ta ni ọta ìbọn máa bá? Ata lè kan àwọn méjèèjì, ajá á sunkún, á sì yè.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tó bójú mu láti gba ajá lọ́wọ́ béárì náà nìyẹn. Tí béárì bá ti mú ajá, ẹ jọ̀wọ́ okùn sílẹ̀, ẹ fín àwọn méjèèjì láti òkèèrè. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ lè mú kí ènìyàn ki ọwọ́ bọ ibẹ̀. Ẹ má ṣe é. Ẹ má sì tú ajá sílẹ̀ kó lọ gbèjà yín, torí ẹ ti mọ ibi tó máa sá padà sí.

Ká ní ata ti tán, tàbí pé kò sí àyè láti fà á yọ. Béárì búráùn tí ẹ já lù, tó sì ti dé ara yín: ẹ dojú bolẹ̀, kí báàgì wà lẹ́yìn yín, ẹ ki ìka ọwọ́ bọ ara wọn lẹ́yìn ọrùn, ẹ ya ẹsẹ̀ kó má lè rọrùn fún un láti yí yín padà. Ẹ dákẹ́. Tó bá kúrò, ẹ má tètè dìde, torí ó lè dúró nítòsí kó máa wò yín. Ohun tó ń wá ni kí ewu kúrò, ẹ sì ti fi hàn pé ẹ kì í ṣe ewu mọ́. Béárì dúdú tó ń bù yín jẹ, tàbí béárì yòówù tó ti ń tẹ̀ lé yín láti ọ̀nà: ẹ bá a jà, ẹ fi òkúta, igi, ẹ̀ṣẹ́, ohunkóhun tọ́wọ́ bá bà, lu imú àti ojú rẹ̀. Bákan náà ni tí búráùn tí ẹ dùbúlẹ̀ fún kò bá ṣíwọ́, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ yín.

Ìṣòro tí ìwé ìlànà kì í sọ ni pé ó ṣòro láti ṣe bí ẹni kú nígbà tí ajá ń gbó lórí yín. Ẹ̀yin ń sọ pé ìjà ti parí, ajá ń sọ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. N kò mọ ọgbọ́n tó lè yanjú ìyẹn ju pé kí ata ti ṣiṣẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó dé orí ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ibùdó ló kù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí oúnjẹ. Nígbà tí òtútù bá ń sún mọ́lé, béárì máa ń jẹ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó lè jẹ tó 20,000 kálórì lójúmọ́ kan kó tó wọ ihò lọ sùn. Èyí tó bá ti tọ́ oúnjẹ ènìyàn wò, ẹ̀rù ènìyàn á kúrò lára rẹ̀. Ní òru ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ ọdún 1967, ní igbó ọba Glacier ní Montana, Amẹ́ríkà, béárì búráùn méjì pa ọ̀dọ́bìnrin méjì ní ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lóru kan náà, ní agbègbè tí béárì ti mọ́ oúnjẹ àti pàǹtírí ènìyàn lára. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti yí ọwọ́ tí wọ́n fi ń mú pàǹtírí padà.

Nítorí náà, ibi tí ẹ ń sùn, ibi tí ẹ ti ń dáná àti ibi tí ẹ kó oúnjẹ sí gbọ́dọ̀ jìnnà síra wọn, nǹkan bí àádọ́rùn-ún mítà. Oúnjẹ á wà nínú ike líle oníderí tí béárì kò lè ṣí, tàbí kí ẹ fà á kọ́ sórí igi, mítà mẹ́ta sókè, kó sì jìnnà sí ara igi náà ní mítà kan ó lé díẹ̀. Gbogbo ènìyàn máa ń rántí oúnjẹ tiwọn, wọ́n á gbàgbé ti ajá. Oúnjẹ gbígbẹ ajá ń rùn ju ìrẹsì yín lọ. Abọ́ tó lá mọ́ tónítóní lójú yín ṣì kún fún òórùn lọ́dọ̀ béárì. Ẹ yẹ àpò ẹ̀wù yín wò lálẹ́: ìpápánu kékeré tí ẹ fi ń kọ́ ajá, ìdajì rẹ̀ ti rún sí ìsàlẹ̀ àpò, ẹ sì fẹ́ wọ ẹ̀wù yẹn sùn. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ síbi tí oúnjẹ wà.

Ajá ńkọ́? Inú àgọ́ ni kó sùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, lórí okùn. Ajá tí wọ́n so mọ́ igi síta lóru kò lè jà, kò sì lè sá. Tí ẹ bá ń pẹ́ ní ibì kan, ọgbà oníná tó ṣe é ká, tó ń lo bátìrì, wà fún àgọ́, wọ́n ń lò ó gan-an ní Alaska. Kí agolo ata wà níbi orí yín, kí iná tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Béárì tó bá wọ inú àgọ́ bá yín lóru kì í ṣe èyí tí ẹ já lù. Ẹ má díbọ́n ikú fún un.

N kò ní tan yín pé bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí, kò sí ewu mọ́. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án 2023, ní igbó ọba Banff ní Kánádà, béárì búráùn kan pa ọkùnrin kan, obìnrin kan àti ajá wọn ní ibùdó wọn. Wọ́n mọ igbó dáadáa, wọ́n ti gbé oúnjẹ wọn kọ́ bó ṣe yẹ, wọ́n sì bá agolo ata tí wọ́n ti fín tán níbẹ̀. Abo arúgbó ni béárì náà, eyín rẹ̀ ti bàjẹ́, ara rẹ̀ ò sì ní ọ̀rá tó yẹ kó ní ní àkókò yẹn. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ó ṣẹlẹ̀ ṣá.

Tí béárì bá fi eyín kan ajá, ẹ má fi ojú ihò tí ẹ rí díwọ̀n ọgbẹ́. Eyín béárì lè dá ihò tí kò ju ẹyọ àgbàdo lọ sí awọ, kó sì fa ẹran inú ya. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ má jẹ́ kó rìn tí ẹ bá lè gbé e, kí ẹ sì wá dókítà ẹranko kódà bó bá ń jẹun tó ń mi ìrù. Ata tó bá bọ́ sí i lójú, omi púpọ̀ ni kí ẹ máa dà sí i. Ẹ má fi ọwọ́ ra á, ẹ má fi òróró pa á.

Ajá kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ béárì, èyí tí wọ́n ń pè ní Karelian, láti agbègbè Fínlándì àti Rọ́ṣíà. Carrie Hunt, tó dá Wind River Bear Institute sílẹ̀, ló sọ ọ́ di irinṣẹ́ fún lílé béárì kúrò nítòsí ilé àwọn ènìyàn ní Amẹ́ríkà, àwọn òṣìṣẹ́ ẹranko igbó ní ìpínlẹ̀ Washington náà sì ń lò ó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti rí fídíò wọn, wọ́n wá ń rò pé ajá tàwọn náà á lè ṣe é. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn yẹn, àwọn tó mọ iṣẹ́ ló sì ń dà wọ́n.

Béárì funfun ti ilẹ̀ yìnyín jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, torí òun lè fi ènìyàn ṣe oúnjẹ láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní Svalbard, ilẹ̀ Nọ́wè, òfin sọ pé ẹni tó bá jáde kúrò láàárín ìlú gbọ́dọ̀ ní ohun tó lè fi lé e. Ẹ má lọ síbẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀nà.

Ó ku ohun kan nípa agolo ata, torí ó máa ń ká àwọn ènìyàn mọ́ pápákọ̀ òfuurufú. Ní Amẹ́ríkà, wọn kò ní gbà á nínú ọkọ̀ òfuurufú, yálà nínú báàgì ọwọ́ tàbí nínú ẹrù tí ẹ fi ránṣẹ́; ibi tí ẹ ń lọ ni kí ẹ ti rà á. Ẹ wo ọjọ́ tó máa kọjá lára rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ má fín in sí ara àgọ́ tàbí aṣọ, kì í ṣe oògùn ẹ̀fọn. Ìyókù òórùn rẹ̀ ń pe béárì wá ni. Ooru sì lè mú kó bú gbàmù, nítorí náà ẹ má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wà lójú oòrùn. Ẹ má fi ajá síbẹ̀ náà.